Apá Òsì Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Mo kí ẹni tó jókòó sílé, mo kí ẹni tó ń jí èyí kà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá etí fún wa kí á lè gbọ́, tó sì dá ẹnu tí a lè pa mọ́ nígbà tó bá yẹ. Òun ló pa èmi àti ẹ̀yin mọ́ di òní, agbára wa kọ́. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ̀rín ni yóò kún inú rẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ a máa gba ibi tí àyà ti ń já kọjá.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Modúpẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Thomas Estate, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Oniru, ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ìpàdé, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni ẹ̀rọ amúnáwá ilé náà wà. Lọ́jọ́ tó fo odindi gbólóhùn méjì nítorí ariwo, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yà sí Ajah lọ́sàn-án Sátidé kan, tó ń wá hẹ́dífóònù tó lè ti ariwo mọ́ ìta, tí owó rẹ̀ kò sì ní pa á lára.

Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Ọláṣẹ̀hìndé fún un. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju yàrá ìdáná lọ. Bẹ́ǹṣì kan ló wà níbẹ̀, hẹ́dífóònù sì so rọ̀ lára ògiri láti òkè délẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Àǹtí Ṣùkúrátù ti ń ta àpò fóònù àti ṣájà.

"Èyí tó ń dán yìí ńkọ́?" ni Modúpẹ́ wí, ó nawọ́ sí èyí tó gbówó lórí jù.

Ọláṣẹ̀hìndé mi orí. "Kí lẹ fẹ́ máa fi gbọ́, Àǹtí mi?"

"Ohùn ènìyàn. Ìpàdé."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, bí ìgbà tí ẹnìkan ń gún iyán lẹ́yìn ògiri. Ó dùn fún ijó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ̀wà ló kì sẹ́nu." Ó fa òmíràn yọ, ó dúdú, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó dì pa, kò ní ihò. Ohùn inú kò ní jò síta, ti ìta kò sì ní wọlé. Tìmùtìmù etí rẹ̀ ṣeé yọ. Bó bá gbó, ẹ ó ra òmíràn fi sí i, ẹ ò ní sọ gbogbo rẹ̀ nù."

Modúpẹ́ gbé e sétí, ó sì yọ ọ́. "Ó dára. Ẹ dì í fún mi."

"Rárá o. Ẹ jókòó ná."

"Kí ló dé?"

"Kò sí hẹ́dífóònù tí kò rọrùn ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ẹ wọ awò ojú yìí, ó di ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń tẹ ọwọ́ awò mọ́ yín lórí."

Ṣùkúrátù pariwo láti ẹ̀gbẹ́: "Àǹtí, ẹ jókòó jàre! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kọ́sítọ́mà tó bá ń kánjú, kò ní tajà fún un. Ẹ ò rí i pé kò tíì rówó gbéyàwó?"

Modúpẹ́ jókòó. Ọláṣẹ̀hìndé tan Sáàmù kan tí ẹnìkan kà sílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, gbogbo Ajah sì dákẹ́ lójijì: àwọn agbèrò, fèrè kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń polówó ọjà. Ohùn òǹkàwé náà nìkan ló kù, ó mọ́ gaara, ó dà bí ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, ó yọ ọ́.

"Mo béèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Ọláṣẹ̀hìndé wí. "Mo tún kọrin. Ẹ ò gbọ́."

"Orin wo lẹ kọ?"

"Ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ ò gbọ́ ọ," ni Ṣùkúrátù dáhùn.

"Ó ní àbùkù kan o. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ dì, bó bá tó wákàtí kan, etí yín á máa gbóná. Ẹ máa yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín nítorí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún."

Modúpẹ́ san owó. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sílé, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń dún nínú rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó padà lọ ra tìmùtìmù, èyí tó wà lára hẹ́dífóònù rẹ̀ kò sì tíì gbó rárá.

Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ọláṣẹ̀hìndé fẹ́ tọrọ Modúpẹ́, ṣùgbọ́n òkè ńlá kan wà lójú ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ni Bàbá Olúdélé, bàbá Modúpẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí ti jẹ́ ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó mọ ìwé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bọ̀sún, ọmọ díákónì, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Ọlọ́jà Ajah!" ni ó máa ń wí. "Ayédèrú ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ayédèrú, ṣé ọkàn rẹ̀ á jẹ́ ojúlówó?"

Ìyá Modúpẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí ọmọkùnrin náà wá kí òun. Àwọn òbí Ọláṣẹ̀hìndé wà ní ìlú wọn, nítorí náà Àǹtí Ṣùkúrátù ló ṣe alárinà.

"Mùsùlùmí ni wọ́n rán sí mi?" ni Bàbá bi ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá.

"Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n rán, Bàbá Dúpẹ́, wọn ò rán ìrun rẹ̀."

Àṣà kan sì wà ní ìdílé wọn. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí àfẹ́sọ́nà bá mú wá, bí bàbá bá gbà á, ọ̀nà ti ṣí. Bó bá ní kí ọmọ dá a padà, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tún bẹ̀bẹ̀. Hẹ́dífóònù ni Ọláṣẹ̀hìndé mú wá, irú èyí tó kọ́kọ́ tà fún Modúpẹ́ gan-an.

"Kí ẹ lè máa fi gbọ́ àwọn akọrin yín, sà," ni ó wí, ó ṣì dọ̀bálẹ̀.

"Ó dára. Ọjà tí ènìyàn ń tà ni ìwà rẹ̀. Jẹ́ kí á gbọ́ ìwà rẹ."

Modúpẹ́ so ó mọ́ fóònù, ó tan orin Àjíǹde tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mọ orin náà bí ẹni mọ ilé rẹ̀: ohùn àwọn obìnrin máa ń wá láti ọ̀tún, àwọn tẹ́nọ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn òkè, láti òsì. Ó kọ́kọ́ mi orí, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Modúpẹ́ ń gbàdúrà nínú. Lójijì ojú Bàbá yí padà.

"Tẹ́nọ̀ dà?"

Ó tẹ hẹ́dífóònù náà mọ́ etí.

"Mo ní tẹ́nọ̀ dà? Apá òsì kò sọ̀rọ̀. Ó ti kú!" Ó já a kúrò lórí, ó nà án sí Ọláṣẹ̀hìndé. "Gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Ọláṣẹ̀hìndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sétí. Modúpẹ́ ń wo ojú rẹ̀. Ó rí i bó ṣe di ojú, tó tún là á, tó yọ ọ́ létí, tó sì wo Bàbá. Ojú ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ kọ́ ló fi wò ó. Ó wò ó bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí kò yẹ kó ṣí.

"Ó ń sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?" ni Bàbá bèèrè.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o gbọ́ mi! Ọjà rẹ dára àbí kò dára?"

Ọláṣẹ̀hìndé rọra gbé hẹ́dífóònù náà sílẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Mi ò lè dáhùn ìyẹn níbí."

"Ṣẹ̀hìndé!" Ṣùkúrátù fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "La ẹnu rẹ!"

Kò là á.

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O rí i? Òkú ọjà ló gbé wá tọrọ ọmọ mi. Modúpẹ́, dá a padà fún un. Má fún un níbí, kí ojú má baà tì í ju báyìí lọ. Lọ́jọ́ Ajé, mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní Sátidé, bàbá Bọ̀sún yóò wá kí wa."

Lọ́jọ́ Ajé, Modúpẹ́ gbé ẹ̀bùn náà dání lọ sí Oniru, bí ẹni gbé pósí. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, kò lè jẹun. Ó fa hẹ́dífóònù náà yọ, ó ní òun yóò gbọ́ ohun tó ba ayé òun jẹ́. Ó tan orin Àjíǹde. Àwọn tẹ́nọ̀ bú jáde ní etí òsì rẹ̀, wọ́n lágbára, wọ́n dùn. Ó pa á, ó tún tàn án, ó mi wáyà rẹ̀. Apá òsì kò kú rárá.

Iṣẹ́ kò tíì parí tán tó ti gba ọ̀nà Ajah.

"Wàláì, mi ò ní bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ mọ́!" Ṣùkúrátù ló kọ́kọ́ rí i. "Léèsì mi tí mo fi ṣe Iléyá ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀! Mo jókòó bí ère! Kó sáà sọ pé wáyà ni, pé iná ni, pé èṣù ni. Ó dákẹ́!"

Modúpẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó dúró níwájú Ọláṣẹ̀hìndé. "Apá òsì ń sọ̀rọ̀. O mọ̀?"

"Rọra, Dúpẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí Ṣùkúrátù má baà gbọ́. "Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi dákẹ́? Èmi ni ò ń tọrọ!"

"Ọdún mélòó ni Bàbá ti jẹ́ ọ̀gá akọrin?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí ló kan ìyẹn?"

Ọláṣẹ̀hìndé mú aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu hẹ́dífóònù kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Modúpẹ́ dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kì í gbé fóònù sí etí òsì. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń pariwo mọ́ àwọn tẹ́nọ̀, tí wọ́n máa ń dúró ní apá òsì rẹ̀, pé wọn kì í la ẹnu. Ó ti lé Ọ̀gbẹ́ni Àyànṣọlá kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó ti kọ tẹ́nọ̀ fún ogún ọdún, ọkùnrin náà sì sunkún jáde. Modúpẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Kò gbọ́," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ mọ́."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

"Ṣẹ̀hìndé..."

"Bí mo bá ní ọjà mi dára, mo ti kéde etí Bàbá níwájú àlejò. Bí mo bá ní kò dára, irọ́ ni. Ibo ni kí n gbà?"

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"O bo bàbá mi láṣírí, o sì fi èmi ta tẹ́tẹ́!"

"Ó ń dùn mí, Dúpẹ́. Bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ ge mí ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìtìjú bàbá rẹ rà ọ́."

Modúpẹ́ gbé hẹ́dífóònù náà padà sílé. Kò dá a padà.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun di Ọjọ́bọ̀, kò sùn dáadáa. Bó bá sọ fún ìyá rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá á ti mọ̀ kó tó di alẹ́, "kí wọ́n lè bá wa fi sínú àdúrà." Bó bá dákẹ́, Bọ̀sún ló máa fẹ́. Bó bá sọ fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé ó bọ̀wọ̀ fún un bí òfin Ọlọ́run ti wí? Ó rántí Nóà nínú àgọ́ rẹ̀. Hámù rí ìhòòhò bàbá rẹ̀, ó sáré síta lọ ròyìn. Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn wọlé pẹ̀lú aṣọ. Ó rò ó, ó tún un rò, títí ó fi rí ohun kan tí kò rí rí níbẹ̀: àwọn méjèèjì kò dúró síta. Bí aṣọ yóò bá dé ara bàbá, ẹnìkan ní láti wọ inú àgọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ìyá rẹ̀ lọ ra ohun tí wọn yóò fi ṣe àlejò bàbá Bọ̀sún. Bàbá nìkan ló wà ní pálọ̀, ó ń sàmì sí ìwé orin. Modúpẹ́ kúnlẹ̀, hẹ́dífóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ò tíì dá a padà?"

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Modúpẹ́, má dán mi wò."

"Lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ẹ bá ní kí n fẹ́, mi ò ní jiyàn."

Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó mọ bó ṣe wúwo tó. Bàbá gbé e sórí, Modúpẹ́ sì tan orin Àjíǹde. Ó gbọ́ díẹ̀. "Bó ṣe wà ló wà. Òsì ti kú."

Ní ọ́fíìsì, bí apá kan bá dákẹ́, Modúpẹ́ kì í kánjú sọ pé ohun èlò ló bàjẹ́. Ó máa ń yí i padà, kí ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Ó rọra gbé hẹ́dífóònù náà kúrò lórí bàbá rẹ̀, ó yí i, ó sì gbé e padà.

Bàbá ta gìrì. "Tẹ́nọ̀!"

Wọ́n ń kọrin. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó ti ń bú fún ọdún kan ń kọrin ní etí ọ̀tún rẹ̀, ẹnu wọn là. Ó gbọ́ wọn dé ìparí ẹsẹ náà. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan apá òsì, níbi tó yẹ kí ohùn àwọn obìnrin wà báyìí. Ó yí i padà fúnra rẹ̀. Ó tún yí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó gbé e lé orúnkún.

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, sà."

"Lọ́jọ́ náà?"

"Lójú ẹsẹ̀."

"Alárinà rẹ̀ yẹn náà?"

"Kò sọ fún un. Kò sọ fún èmi gan-an. Mo fúnra mi rí i ni."

"Ìyá rẹ?"

"Rárá, sà."

Bàbá wo ògiri. "Jáde."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n pe díákónì pé kí ó má wulẹ̀ wá. Kò sọ ìdí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá Modúpẹ́ sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Hẹ́dífóònù náà wà lórí àwọn ìwé orin rẹ̀, kò lò ó, kò sì ní kí wọ́n mú un lọ.

"Kí lo ṣe fún bàbá rẹ?" ni ìyá rẹ̀ ń bi í, kò sì lè dáhùn. Ẹ̀rù bà á pé àgbàlagbà lè dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kó má lè dárí ji ẹni tó rí i nígbà tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀. Ọláṣẹ̀hìndé kò pè é, nítorí wọ́n ti lé e. Ó ń dúró.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Bàbá jáde ní yàrá, ó ti wọ fìlà. "Modúpẹ́, wọ bàtà rẹ. À ń lọ sí Ajah."

Ìyá rẹ̀ ju ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá ọmọ kì í tọ àfẹ́sọ́nà lọ sí ṣọ́ọ̀bù! Kí ni ayé á wí?"

"Wọ́n á wí i. Mo ṣì ní etí kan tí mo lè fi gbọ́ ọ."

Obìnrin náà la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi jáde.

Ṣùkúrátù ló kọ́kọ́ rí wọn. "Yéè! Ṣẹ̀hìndé, dìde! Bàbá ń bọ̀! Wọn ò mú ọlọ́pàá dání ṣá."

Ọláṣẹ̀hìndé dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, níwájú gbogbo ọjà. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí ó dìde. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kó kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tó kúnlẹ̀ sí.

"Mo ti lọ sílé Àyànṣọlá," ni Bàbá wí. "Mo bẹ̀ ẹ́. Lánàá, mo dúró níwájú àwọn akọrin mi, mo sọ fún wọn pé etí mi òsì ti lọ." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ọdún méjì ni mo ti ń fura. Mo ń bẹ̀rù láti mọ̀ ọ́n tán ni. Ìwọ mọ̀ ọ́n ní ìṣẹ́jú kan, o sì jẹ́ kí n pè ọ́ ní ẹni tó ń ta òkú ọjà níwájú ọmọbìnrin tí o fẹ́. Gbólóhùn kan péré lo fi lè gba ara rẹ sílẹ̀. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Ọláṣẹ̀hìndé tẹ orí ba, ó dáhùn jẹ́jẹ́.

Modúpẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùkúrátù gbọ́ ọ. Bàbá kò gbọ́. Ó ń wo iwájú, ó ń dúró de èsì. Modúpẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa ẹnu mọ́. Ó ń wo Ọláṣẹ̀hìndé.

Ọláṣẹ̀hìndé gbé orí sókè, ó rí i. Kò pariwo, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ níbi tó wà. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì yí ká lọ sí apá ọ̀tún, ó sì tún kúnlẹ̀.

"Mo ní, ọmọ kì í tú àṣírí bàbá rẹ̀ síta, sà. Ọmọ yín ni mo fẹ́ jẹ́."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọjọ́ wo ni àwọn ènìyàn rẹ ń bọ̀ wá bá mi?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá dá, sà."

"Kí wọ́n tètè wá," ni Bàbá wí. "Kí wọ́n sì jókòó sí apá ọ̀tún mi."

Ẹ̀yin ọ̀wọ́n, kí Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohun tí a kò sọ fi ẹni tó lè bo àṣírí yín yí yín ká. Kí ó má jẹ́ kí ìtìjú yín di orin lẹ́nu ayé. Ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tó ń wá aya, kí Olúwa fún yín ní ẹni tí yóò dìde níbi tó wà nítorí yín. Kí ilé yín tòrò, kí etí yín máa gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Àmín.